Rédíò Inú Ilé Tí Kò Nílẹ̀kùn

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

[Èmi télọ̀ ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àgbẹ̀ tó ń gbé ẹ̀yìn òkè, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-yẹsẹ̀. Kò kàwé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún ọ̀rọ̀ òun ṣe. Ó ní ohun tí ẹnu òun bá sọ ni kí n kọ, kí n má fi abẹ́rẹ́ mi rán nǹkan kan mọ́ ọn. Ohun tó mú un sọ̀rọ̀ ni àpótí kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun.]

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ létí? Èmi náà wà. Ìbàdí tí mo fi ṣubú nínú oko lọ́dún tó kọjá ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ó máa ń ṣagídí, èmi náà á sì ṣagídí sí i. A ti mọ ọwọ́ ara wa.

Àpótí rẹ dé. Onímọ́tò já a sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, télọ̀ sì fi kẹ̀kẹ́ tì í wá títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Rédíò ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, kékeré méjì, bátìrì tó wúwo bí ọlọ, pátákó dúdú tó ń jẹ oòrùn, àti wáyà tó gùn ju ẹjọ́ télọ̀ lọ. (Télọ̀ ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.)

Mo yí rédíò ńlá yẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Kò kọrin, kò ka ìròyìn. Ó kàn ń ṣe ṣììì bí ẹni tó ń lé adìẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ ra rédíò fún bàbá rẹ̀, ṣé kò yẹ kó ra èyí tó ní nǹkan sọ?

Télọ̀ ka ìwé pélébé tó wà nínú àpótí fún mi. Ó ní o ní kí n mú kékeré kan, kí n gbé kékeré kejì fún káfíńtà tó wà lódìkejì òkè, kí n lè máa pè é bí mo bá tún ṣubú. Ọmọ mi, ṣé ara rẹ yá? O mọ̀ pé mi ò bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Ìyá kan náà bí wa, mi ò jiyàn. Àmọ́ ilé bàbá wa wà lórí òkè níbẹ̀, ó ní ògiri, ó ní òrùlé, kò ní ìlẹ̀kùn. Èyí tó wà níbẹ̀ jẹrà lọ́dún tí bàbá wa kú. Mo ní kí tuntun máa ṣí sínú. Òun ní kó máa ṣí síta, torí pé òun ló ń kan pákó. Níwájú gbogbo àwọn tó wá kí wa kú ara fẹ́ra kù, mo búra pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ní kan etí rẹ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ilé yẹn bá ní ìlẹ̀kùn tó ṣí sínú. Òun náà búra bákan náà, àfi tó bá ṣí síta. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn kọjá, mi ò sì tíì kọsẹ̀ rí.

Nítorí náà, kọ̀wé sí mi bí a ó ṣe dá àwọn nǹkan yìí padà. Tàbí kí o gbà kí n fi ńlá yẹn dí ihò tí eku ń gbà wọ àká mi.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí télọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u mọ́, òun nìkan la ní.

Ẹ má fi rédíò dí ihò eku. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ pé rédíò àwọn ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe níbí, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan. Páìpù kan ń kán lé tábìlì mi lórí, ife tíì mi ni mo fi ń gba omi rẹ̀. Bí mo bá délé, rédíò náà ni mo tún fi ń ṣeré. A pọ̀ tí a gba ìwé àṣẹ láti máa fi bá ara wa sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún owó, ìfẹ́ rẹ̀ lásán ni. Mo ti bá yín gba ìwé àṣẹ ti ilé lábẹ́ orúkọ mi, ọ́fíìsì tó ń rí sí i sì ti fọwọ́ sí i.

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn òkè, òkè náà ni kì í jẹ́ kí rédíò kékeré méjì gbọ́ra wọn. Ohun tí rédíò ńlá wà fún nìyẹn. Ojú ọ̀nà méjì ló wà nínú afẹ́fẹ́. Rédíò tiyín ń gba ọ̀kan, ti Bàbá Káfíńtà ń gba èkejì. Àwọn ọ̀nà yìí kì í pàdé láéláé. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kan kò lè gbọ́ ẹni tó wà lójú kejì. Rédíò ńlá nìkan ló mọ méjèèjì. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ ọ lójú ọ̀nà tiyín, yóò sì tún un sọ lójú ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí òun náà bá dáhùn, bákan náà ni yóò ṣe mú un wá bá yín. Ẹ gbé e sínú ilé orí òkè yẹn, kí ọ̀pá tó fi ń gba ohùn yọ lókè òrùlé. Ẹ má gbàgbé o: bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó lanu. Rédíò ńlá máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, ẹni tó bá kánjú, yóò gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ.

Bàbá mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Nígbà tí ẹ ṣubú, inú poro lẹ wà títí ẹnì kan tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ fi rí yín. Ewúrẹ́ ló yọ yín. Mi ò lè jókòó sókè òkun kí n máa gbẹ́kẹ̀ lé ewúrẹ́. Bí ọdún yìí bá ń parí lọ tí kò sí ẹni tó ń dá yín lóhùn lódìkejì òkè, màá wá kó yín, màá sì ti oko yẹn pa. Yàrá kan ṣófo nílé mi, lórí àjà keje. Fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, àmọ́ oòrùn ń wọ̀ ọ́.

Ẹ dákun, ẹ gbé kékeré kejì fún àbúrò yín.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí yàrá tó ṣófo yẹn náà, kó máa ṣófo lọ. Kí ni fèrèsé tí kò ṣeé ṣí? Ògiri tó ń ṣe fáàrí ni. Ìwọ fẹ́ gbé bàbá rẹ sórí àjà bí ìkòkò tí wọn ò lò mọ́.

Mo ní kí télọ̀ tún ibì kan kà nínú ìwé rẹ títí inú fi ń bí i. Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà méjì ni.

Mo ní, "Ṣé ó ní wọn kì í pàdé?"

Ó ní, "Ó ní láéláé."

"Ẹni tó wà lójú kan ò lè gbọ́ ẹni tó wà lójú kejì?"

"Bàbá, ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀kan. Oníṣòkòtò ń dúró dè mí."

"Kó wọ ti àná. Bí mo bá tẹ nǹkan yìí tí mo sọ̀rọ̀, ta ni mo bá sọ̀rọ̀?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Rédíò ńlá ni."

Mo ní, "Ẹjọ́ ti tán."

Ọmọ mi, ìbúra mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ní kan etí rẹ̀. Kò kàn án. Etí rédíò ló kàn. Ohun tí rédíò bá dé ọ̀hún tó sọ, ẹnu rédíò ló ti jáde, ojú ọ̀nà mìíràn ló sì gbà. Bí mo bá rán èèyàn níṣẹ́, ṣé èmi ni mo lọ?

A gbé e gun òkè, èmi àti télọ̀. A gbé e lé àga bàbá wa, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, a fi òkúta gbè é lẹ́sẹ̀. Télọ̀ gbé kékeré kejì lọ fún ọkùnrin yẹn. Ó ní ìbéèrè tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi òun ni pé, "Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni mo bá sọ̀rọ̀?" Ìgbà tó gbọ́ pé rédíò ni, ó gbà á. Agídí tí bàbá wa fi sílẹ̀, ọgbọọgba ló pín in fún wa.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ní, "Rédíò, o kú iṣẹ́ o. Sọ fún káfíńtà pé ewúrẹ́ kan ń jẹ àgbàdo mi, mo sì fura pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá."

Ó ṣe ṣììì díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ó ti gbó. Mi ò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ti gbó tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "...sọ fún un pé èmi ò ní ewúrẹ́. Pákó ni mo ní. Pákó kì í jẹ àgbàdo."

Télọ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún sọ fún mi lẹ́yìn náà pé "Sọ fún káfíńtà" ni ohun tó jáde níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ìkíni tí mo kí rédíò, rédíò mú un fún ara rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ ìyókù. Mo yìn ín. Ìránṣẹ́ tó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n. Télọ̀ tún ní káfíńtà ń fi "ẹ" kí i ní tirẹ̀. Ó ní kò bójú mu kí òun máa pe ohun tó ń fọ ohùn ẹ̀gbọ́n òun ní "ìwọ".

Fi nǹkan ìbora ránṣẹ́ fún Rédíò. Òjò ń bọ̀, ilé yẹn ò nílẹ̀kùn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Nígbà tí mo ka ìwé yín lábẹ́ páìpù, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi wá wò mí. Inú mi dùn pé ẹnì kan ń dá yín lóhùn.

Àmọ́, Bàbá, rédíò kì í ṣe èèyàn. Kò mú ìkíni yín. Ẹ ò dúró kó jí ni, ó sì gé e sọnù. Ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà. Òkè yẹn ga. Gbogbo ẹni tó ní irú rédíò wa láwọn ìlú tó yí yín ká ló ń gbọ́ yín. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi, ó ní òun àti ìyàwó òun kì í jẹun àárọ̀ títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pín sí méjì báyìí, Ẹgbẹ́ Sínú àti Ẹgbẹ́ Síta. Ẹgbẹ́ Síta ti yan alága. Ọ́fíìsì náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn mọ ẹ̀yin, àwọn mọ Bàbá Káfíńtà, ṣùgbọ́n ta ni ẹni kẹta tí ẹ̀yin méjèèjì ń pè ní Rédíò, tí ẹ sì ń rán níṣẹ́ ní gbogbo ìgbà? Ṣé òun náà ní ìwé àṣẹ? Mo ti kọ èsì lọ́nà oríṣiríṣi, mo ń ya á.

Ọkùnrin tó kọ̀wé yẹn tún ní lọ́jọ́ kan ẹ bi rédíò bóyá oòrùn pa á, ẹ bi í bóyá ó sinmi. Ẹ ò bi àbúrò yín ní ọ̀kan nínú ẹ̀. Ẹni tó ní ikùn ni kí ẹ bi bóyá ó jẹun, Bàbá mi.

Mo ti fi tapólì kan ránṣẹ́ tí ẹ ó fi bo rédíò.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Tapólì dé, ó ti bora.

O ní rédíò kì í ṣe èèyàn. Ta ló ní èèyàn ni? Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ là ń kí. Sọ fún ọ́fíìsì pé Rédíò ò nílò ìwé àṣẹ kankan. Ẹni tí kì í sọ tẹnu ara rẹ̀, ibo ni yóò ti ṣẹ òfin?

Alága Ẹgbẹ́ Síta já lu ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kàn ń sọ fún Rédíò pé kó sọ fún káfíńtà pé ìlẹ̀kùn tó ń ṣí síta kì í jẹ́ kí àlejò wọlé láìsún sẹ́yìn, ni ohùn kan tí mi ò mọ̀ bá ní, "Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ro ti atẹ́gùn." Mo ní, "Rédíò, ta lo gbà láyè síbẹ̀?" Káfíńtà náà ní, "Ẹ sọ fún ẹni yẹn pé bí mo tilẹ̀ gbà pé síta ni, kò gbọdọ̀ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ báyẹn." Alága sá lọ. Mo ní kí Rédíò sọ fún káfíńtà pé ó ṣeun. Rédíò sọ fún un.

Mo bi í bóyá ó jẹun, bí o ṣe wí. Mo ní, "Rédíò, o kú iṣẹ́. Bí ọkùnrin yẹn bá ráyè, kó sọ fún ọ bóyá ó jẹun." Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo jẹun. Ẹ sọ fún un pé eyín tó kù ò pọ̀, àmọ́ mo jẹun." Láti ọjọ́ náà mo ń bi í láràárọ̀. Ó ti di ara iṣẹ́ oko mi.

Ó ń wúkọ́. Ó ní eruku pákó ni. Mo ti gbọ́ ikọ́ eruku pákó láti ìgbà tí wọ́n ti fi í kọ́ṣẹ́, kì í dún báyìí. Mo ní kí Rédíò sọ fún un kó mu omi gbígbóná. Ó ní kí Rédíò sọ fún mi pé òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Mo ní kí Rédíò má dá a lóhùn. Ó tún ń wúkọ́.

Ṣé wọ́n ní oògùn ikọ́ níbẹ̀? Fi í ránṣẹ́. Kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé ti Rédíò ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Mo fi oògùn ránṣẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ̀wé mìíràn, kò sí èsì. Ọkùnrin tó ń gbọ́ yín nígbà oúnjẹ àárọ̀ ní òkè yín ti dákẹ́ pátápátá. Ó ní Ẹgbẹ́ Sínú àti Ẹgbẹ́ Síta ti jọ ń dúró sídìí rédíò wọn, wọn ò bá ara wọn jà mọ́.

Ṣé rédíò ló bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀yin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré.

Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Mo ti gbálẹ̀ yàrá yẹn, mo gbé àga kan sẹ́bàá fèrèsé fún yín. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí tí mi ò rí ìwé yín, màá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, a ó sì jọ padà. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni yóò tún rí yín.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

[Èmi télọ̀. Bàbá ní kí n kọ ọ́ ṣáájú ìkíni pé òun wà láàyè. Ó wà láàyè. Lẹ́yìn tí oògùn dé, òjò ba títì jẹ́, ìwé kankan ò wọlé, ọ̀kankan ò jáde títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Ewúrẹ́ kan yóò jáde nínú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ní ewúrẹ́ ládùúgbò yìí.]

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Àga tí o gbé sẹ́bàá fèrèsé yẹn, jókòó lé e fúnra rẹ, kí o gbọ́ mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ bọ́tìnnì, mo kí Rédíò, mo ní kó bi ọkùnrin yẹn bóyá oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohùn. Kódà kò ṣe ṣììì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ Rédíò, mo bú u, mo tún padà bẹ̀ ẹ́. Mo mí sínú, mo mí síta bí o ṣe kọ́ mi. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Rédíò ò ṣàìsàn rí. Ẹni tó ń wúkọ́ ni ọkàn mi lọ sí.

Mo mú ọ̀pá, mo kọjú sí òkè nínú òjò. Ìbàdí mi ní òun ò lọ. Mo ní kó dúró sílé. Ó tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí mo dé òkè, ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wa. Ó rin gbingbin, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó ru pákó. Káfíńtà ni. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá mo pé. Èmi náà wò ó. Ó pé. Ó kàn ti kéré ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. A wọlé.

Ewúrẹ́ télọ̀ ló wà nínú ilé. [A ò mọ ti ta ni.] Ó dùbúlẹ̀ lórí tapólì rẹ, ó ń jẹ wáyà tó kù. Rédíò da ojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ewúrẹ́ yẹn wò wá bíi pé àwa la ò kanlẹ̀kùn.

Mo gbé Rédíò padà sórí àga, mo fi ẹ̀wù nù ún lójú. Kò tan iná, kò mí. Káfíńtà dúró sí apá kejì àga. Ohun tí mo wá ṣe ń tì mí lójú, mo sì ti búra. Mo kọjú sí Rédíò.

Mo ní, "Rédíò, o kú ìyà. Sọ fún un pé ìwọ ni mo wá wò. Kó má lọ rò pé òun ni."

Òun náà kọjú sí i. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Rédíò. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni èmi náà wá wò. Àánú ẹ̀rọ ló ṣe mí."

"Sọ fún un pé kò yẹ kí oníkọ́ máa gun òkè nínú òjò."

"Ẹ bi í pé ìbàdí ta ló ń dún bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo yẹn, ṣé tèmi ni?"

"Sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn. Ká ní ìlẹ̀kùn wà níbí, ewúrẹ́ kì bá tí wọlé."

"Ẹ sọ fún un pé ohun tí mo ń wí nìyẹn! Kó máa ṣí síta, ewúrẹ́ á fi orí tì í títí, kò ní ṣí."

"Sọ fún un pé àlejò ńkọ́? Ṣé bàbá wa ń sọ fún àlejò pé kó sún sẹ́yìn?"

Bí a ṣe ń wí báyìí, ewúrẹ́ dìde, ó gba àárín wa kọjá, ó jáde lọ wo òjò. Òjò ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó padà wọlé, ó dùbúlẹ̀.

Káfíńtà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Ẹ bi í, ewúrẹ́ yìí, wíwọlé ló ń lo ẹnu ọ̀nà fún ni, àbí jíjáde?"

Mo wo ewúrẹ́. Mo ní, "Sọ fún un pé méjèèjì ni."

Káfíńtà fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó yọ tépù jáde nínú àpò. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó bá mi di ẹnu tépù yìí mú." Mo di ẹnu rẹ̀ mú. A wọn ẹnu ọ̀nà náà.

Ìlẹ̀kùn ti wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ mi. Káfíńtà fi irin onísípíríǹgì kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tó wà lára ìlẹ̀kùn ọsibítù. Bí o bá tì í, ó ṣí sínú. Bí o bá fà á, ó ṣí síta. Télọ̀ wà níbẹ̀. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan, ìbúra mi tán. Káfíńtà fà á lẹ́ẹ̀kan, ìbúra tirẹ̀ tán.

A wá jókòó láti sọ̀rọ̀. Ẹnu ti ṣí, ìbúra ò sí mọ́. A wo ara wa. Ọmọ mi, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ sún mọ́ mi jù, ó sì jọ ti bàbá wa. Ìgbà tó pẹ́, mo yíjú sí àga.

Mo ní, "Rédíò, o kú ìjókòó. Sọ fún un pé ìlẹ̀kùn náà dára."

Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ìjà wa ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí wá."

Mo ní, "Sọ fún un pé èmi náà."

Nítorí náà, má fi wáyà tuntun ránṣẹ́. Nígbà tí Rédíò ń tan iná, ó ń gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ, ó sì ń ṣòfófó wa fún gbogbo ìlú. Nísinsìnyí odindi ọ̀rọ̀ ló ń jíṣẹ́, kò sì yọ sóde. Bá mi sọ fún Ẹgbẹ́ Sínú pé wọ́n borí. Sọ fún Ẹgbẹ́ Síta pé àwọn náà borí. Kí wọ́n máa jẹun àárọ̀ wọn.

O ní bí kò bá sí ẹni tó ń dá mi lóhùn, ìwọ á wá kó mi. Káfíńtà ti gbé ibùsùn rẹ̀ wá sórí òkè, èmi náà gbé tèmi. Yàrá méjì ló wà, Rédíò wà láàárín. Láàárọ̀ èmi á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko, òun á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mi ò bá tíì gòkè dé nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀, á wá mi wá. Bí mo bá ṣubú nínú ilé, á gbọ́ gbì. Ìyẹn ò gba bọ́tìnnì. Ewúrẹ́ náà ṣì ń wá. Ó ń fi orí tì í wọlé, ó ń fi orí tì í jáde. Ìlẹ̀kùn yẹn ò dí i lọ́wọ́ rárá. A ti jọ ro ó, a ò mọ ẹni tí a ó dá lẹ́bi, a sì fi í sílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ wá, wá kí wa. Má wá kó wa. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, bó ṣe wù ọ́ ni kí o ṣe é, tì í tàbí kí o fà á.

Bàbá rẹ.

[Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Yíǹkì tán, ẹrẹ̀ orí òkè ló fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Káfíńtà, àbúrò rẹ̀, tó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì ní kí Rédíò sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun ò kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Rédíò Orí Òkè. Mo ní mi ò lè kọ ìyẹn sínú ìwé. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní, "Kọ ọ́!" Mo kọ ọ́. A bi Rédíò bóyá ó jẹ́rìí sí i. Ó dákẹ́. A kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.]